Aago Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Tọ̀nà, Tí Ẹnu Rẹ̀ Ṣìnà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ ọdún 46 ni mí, mo sì ti bímọ mẹ́ta. Ní 1988, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní Iléṣà, tíṣà kan máa ń wá kọ́ èmi àti àbúrò mi níwèé nílé láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Aago ọwọ́ tíṣà yìí ti kú, aago ògiri bàbá mi ló máa ń wò. Bó bá ti jáde lọ tọ̀ báyìí, màá gun àga, màá ti ọwọ́ aago síwájú ní ogún ìṣẹ́jú, kí n lè tètè lọ gbá bọ́ọ̀lù. Tó bá ti lọ tán, màá fà á padà síbi tó wà. Mo ṣe é tó ọdún kan. Aago náà wá ń lu méje ní aago mẹ́fà, nígbà míì mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe, níkẹyìn wọ́n bá ọkùnrin náà jà, wọ́n ní oníjìbìtì ni. Àbúrò mi nìkan ló mọ̀, gúgúrú ni mo fi ń dí i lẹ́nu. Bàbá mi ń pé ọdún 80 lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ níbi ayẹyẹ náà tí wọ́n bá gbé maikirofóònù fún mi, kí gbogbo èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ní kí n má jí ohun tó ti sùn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, mo jù ẹ́ lọ dáadáa, nítorí náà jọ̀ọ́ fún mi láyè kí n máa pè ẹ́ ní ìwọ. Mo fi ọdún 31 kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó wá jókòó sídìí iṣẹ́ gbígba ẹbí nímọ̀ràn. Irọ́ ọmọdé tí etí mi ti gbọ́ kò lóǹkà, àmọ́ ti aago yìí ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo tún un kà, mo dé ibi tí wọ́n ti pe èèyàn ní oníjìbìtì, ẹ̀rín náà sì lọ.

Jẹ́wọ́. Ìdáhùn mi nìyẹn, mi ò ní fi pamọ́ dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe é lórí maikirofóònù, má sì rò pé bàbá rẹ nìkan lo jẹ ní gbèsè.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára aago yẹn, torí ó jọ pé o ò tíì mọ ohun tó ṣe é títí dòní. Aago ògiri ayé ìgbà yẹn, èyí tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ yí, tí irin gbọọrọ ń fì nísàlẹ̀ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í wo ọwọ́ ara wọn kí wọ́n tó lù. Kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan wà nínú wọn tí wọ́n gé etí rẹ̀ ní àlàfo-àlàfo. Àlàfo wọ̀nyí kò jìnnà síra wọn bákan náà. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń jìnnà sí i. Kẹ̀kẹ́ yìí ló ń ka iye ìgbà tí òòlù máa lù. Ó lu márùn-ún tán, mẹ́fà ló kàn. Ó lu mẹ́fà tán, méje ló kàn. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ gígùn bá ti dé orí méjìlá, iye tó kàn ni yóò lù, ì báà jẹ́ pé ibòmíì pátápátá ni ọwọ́ kúkúrú nà sí.

Wá wo ohun tí ò ń ṣe. O ti ọwọ́ aago síwájú, aago mẹ́fà èké pé, ó lu mẹ́fà, tíṣà palẹ̀ ìwé mọ́. O fà á padà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ tún dé orí méjìlá, aago mẹ́fà tòótọ́ pé, aago sì lu méje. Lọ́jọ́ kejì tí o tún ṣe é, ó tún fi ọ̀kan kún un, mẹ́jọ nìyẹn. Orí aago ò dàrú rárá. Kíkà ló ń kà, ìwọ lò ń mú kó ka mẹ́fà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó bá di alẹ́, tí bàbá rẹ tan tẹlifíṣọ̀n láti wo ìròyìn aago mẹ́sàn-án lórí NTA (bàbá wo ni kì í wò ó láyé ìgbà yẹn, bí NEPA bá gbà fún wọn?), ọwọ́ aago ògiri á bá ti tẹlifíṣọ̀n mu rẹ́gí. Ẹ̀yìn náà ni yóò wá lu mẹ́wàá. Aago tí ọwọ́ rẹ̀ tọ̀nà, tí ẹnu rẹ̀ ṣìnà. O ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà á da bàbá láàmú? Aago tó bàjẹ́ gan-an sábà máa ń sáré ni, tàbí kó máa falẹ̀, tàbí kó kú. Èyí ò ṣe ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ẹni tó ń tún irú aago bẹ́ẹ̀ ṣe mọ àrùn yìí bí ìyá ọlọ́mọ ṣe mọ igbe ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra irú aago yẹn ni wọ́n máa ń kìlọ̀ fún pé kó má fa ọwọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Bàbá rẹ gbé e lọ lẹ́ẹ̀kíní, ọkùnrin náà tú u, kò rí nǹkan kan tó bàjẹ́, ó dá kíkà rẹ̀ padà sípò, ó gbowó iṣẹ́. Wọ́n gbé e padà lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n tẹ́ tẹ́tẹ́, màá ní ó sọ fún bàbá rẹ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ń fọwọ́ kan aago yìí nílé yín." Kí ni bàbá kan máa fi ìyẹn pè? Nínú ilé tí ọmọ kì í ti í fọwọ́ kan rédíò? Wọ́n á ní ó ń wá àwáwí ni. Wọ́n á ní ó jẹun lọ́wọ́ àwọn, ó tún ń bú ilé àwọn. Tó bá jẹ́ bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a jẹ́ pé òtítọ́ ni ọkùnrin náà sọ tó fi di oníjìbìtì.

O lè pe ọ̀rọ̀ yìí ní eré ọmọdé, eré ọmọdé náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù kí ilẹ̀ tó ṣú ò pa ènìyàn. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wá bá mi pé òun fẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí òun ṣe ní kékeré, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: nígbà tí wọn ò rí ẹ mú, ta ni wọ́n mú? Nǹkan kì í sọnù nínú ilé kí àwọn àgbà má di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnì kan. Ológbò ni, eku ni, àbúrò ni, ọmọ tó ń bá wa gbé ni. Tó bá jẹ́ ológbò ni, ẹ bá a lọ, ẹ sọ ọ́ nídìí ọtí, ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ ènìyàn, ó yàtọ̀.

Obìnrin kan jókòó síwájú mi lọ́jọ́ kan. Ó ti jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun lòun ń fa mílíìkì mu láti ojú ihò agolo, tí òun ń fi omi rọ́pò rẹ̀. Ó rò pé ìyá á rẹ́rìn-ín. Ìyá dákẹ́, ó dìde, ó wọ yàrá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá yìí kan ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, òun ni wọ́n fura sí, wọ́n sì dá a padà sábúlé. Kò tún rí ilé-ìwé mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Agolo mílíìkì. Obìnrin náà ò mọ̀ pé ìdí tí wọ́n fi dá a padà nìyẹn, torí ọmọ ọdún mẹ́jọ ni lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ kí àwọn ará ilé ni.

A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà dára. Ohun tí kò sọ fún wa ni iye ẹni tí irọ́ náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ogún ọdún tó fi ń rìn.

Tìrẹ ò le tó ti mílíìkì, fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ni ẹ́, mi ò ní láti ṣàlàyé Òṣómàáló fún ẹ: oníṣòwò aṣọ tó máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, tí kò ní dìde títí yóò fi gba owó rẹ̀. Ọkùnrin aláago yẹn ò mọ̀ pé o jẹ òun ní nǹkan, kò wá lóṣòó sílé yín. Ìyẹn ò sọ pé o ò jẹ ẹ́.

Ní ti maikirofóònù, gbé e kúrò lọ́kàn. Wo bó ṣe máa rí. Bàbá wọ aṣọ òkè, àwọn ẹgbẹ́ wọn wà níjókòó, onílù ń kì wọ́n. Ìwọ dìde, o sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fi bàbá yìí ṣeré fún ọdún kan gbáko. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọn ò lè bínú, wọn ò lè béèrè nǹkan kan, wọn ò lè dákẹ́. O ti gba gbogbo ohun tí bàbá lè ṣe lọ́wọ́ wọn, o kan fi ẹ̀rín sílẹ̀ fún wọn. Tó bá sì wá jẹ́ pé ọmọ aláago náà wà nídìí tábìlì kan, tó ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù nkọ́? Iléṣà ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì gbọ́ ní pálọ̀, kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lábẹ́ kánópì.

Jẹ́ kí n sọ tèmi, kó má dà bíi pé ọ̀kánkán ni mo jókòó tí mo ń dájọ́. Àkàrà ni ìyá mi ń dín. Èmi ni mo ń kiri rẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lọ sílé-ìwé. Ojoojúmọ́ ni mo ń jẹ nínú rẹ̀, méjì, nígbà míì mẹ́ta, tí mo bá dé màá ní mo fi ṣe èènì fáwọn oníbàárà. Mo mọ bí mo ṣe ń ṣe é: mo máa ń mú èyí tó wà nísàlẹ̀, èyí tí òróró ti rọ̀, torí kì í dún lẹ́nu bíi ti òkè, mo sì máa ń fi ewé nu ọwọ́ kí n tó dé ìta. Mo ti lé ní ọmọ ọdún 38 nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ogójì ni mo máa ń kà fún ẹ. Mẹ́ta tí mo máa ń gbé lé e lẹ́yìn ìyẹn, mi ò kà á." Wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé gbogbo ìgbà tí mo fi ń rò pé mò ń jalè, oúnjẹ àárọ̀ mi ni mò ń jẹ. Mo sọ èyí fún ẹ nítorí bàbá rẹ lè ti mọ̀. Ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn ìjà náà ni wọ́n rí ẹsẹ̀ rẹ lórí àga, kó sì ti pẹ́ jù, kí ìtìjú má jẹ́ kí wọ́n lè padà lọ bá aláago. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àṣírí tí ò ń gbé kiri, ẹ jọ ń gbé e ni, kálukú ní igun tirẹ̀.

Tíṣà yẹn ńkọ́? Èmi tí mo ti ṣe tíṣà, mo mọ̀ pé inú tíṣà mọ aago mẹ́fà dájú ju aago ògiri lọ. Ẹni tó gbọ́ tí aago lu mẹ́jọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní mẹ́fà, tó palẹ̀ ìwé mọ́ láìwí nǹkan kan, ẹni náà ní ilé tó fẹ́ tètè dé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ ní kí o má jí ohun tó sùn. Kò purọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ló yẹ kó sùn. Ṣùgbọ́n èyí ò sùn. Ìwọ fúnra rẹ kọ iye ìṣẹ́jú sínú ìwé rẹ, o kọ gúgúrú, o kọ iye ìgbà tí wọ́n gbé aago lọ. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Michael Slepian, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ àṣírí dáadáa. Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2017, ni pé fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹlòmíì kọ́ ló ń dá èèyàn lágara jù, torí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹnì kan máa ń béèrè. Ohun tó ń dáni lágara ni bí ọkàn ṣe ń padà síbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Bóyá o ti ń bi ara rẹ léèrè pé kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà náà. O ò lè sọ ọ́. Ní 2011, onímọ̀ méjì tó ń wádìí irọ́ ọmọdé, Victoria Talwar àti Kang Lee, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nílé-ìwé méjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí. Wọ́n ń na ọmọ ní ọ̀kan, wọn kì í nà wọ́n ní èkejì. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní kí ọmọ kẹ́yìn sí ohun ìṣeré kan, kó fi ohùn rẹ̀ mọ ohun tó jẹ́. Àgbà á wá jáde díẹ̀, á ní kó má wẹ̀yìn o. Ẹ ti mọ̀: ọ̀pọ̀ wọn ló wẹ̀yìn, nílé-ìwé méjèèjì. Ìgbà tí àgbà padà wá béèrè ni ìyàtọ̀ hàn. Nílé-ìwé tí pàṣán wà, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó wẹ̀yìn tó gbà pé òun wẹ̀yìn. Ní èkejì, ìdajì àti díẹ̀ nínú àwọn tó wẹ̀yìn ló purọ́. Àwọn ọmọ pàṣán yẹn tún mọ irọ́ náà gbé dúró jù, ẹnu wọn ò tètè tú. Mo na ọmọ nígbà ayé mi, mi ò ní fi èyí pamọ́. Nígbà tí mo ka ìwádìí yẹn, orúkọ àwọn ọmọ kan wá sọ́kàn mi, àwọn tí mo rò pé mo ti tún ìwà wọn ṣe. Mo kàn kọ́ wọn ní bí a ṣe ń gbọ́n sí i ni.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Kọ́kọ́ pe àbúrò rẹ. Ìtàn náà jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, ó sì lè má fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀, tàbí kó rántí nǹkan tí ìwọ ti gbàgbé. Ẹni tó ń jẹ gúgúrú àbẹ̀tẹ́lẹ̀ máa ń rántí ju ẹni tó ń rà á lọ.

Lẹ́yìn náà, lọ sí Iléṣà ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ayẹyẹ, ní ọjọ́ tí kò sí àlejò. Jẹ́ kí wọ́n jẹun tán. Má mú àgbà kankan dání láti bá ẹ bẹ̀bẹ̀. Tí bàbá bá rí ẹ pẹ̀lú alágbàwí, ohun tí wọ́n máa rò ni pé o ti fún obìnrin kan lóyún tàbí pé o ti ta ilẹ̀ ẹbí. Dọ̀bálẹ̀ bí o ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀, jókòó, kí o sì sọ ọ́ ní ẹnu kan: "Bàbá mi, aago ògiri wa ìgbà yẹn, kò bàjẹ́. Èmi ni mò ń fọwọ́ kàn án." Má fi àwàdà bẹ̀rẹ̀. Má fi "bí mo bá ṣẹ̀ yín" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kò sí "bí" níbẹ̀. Kí o sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ló máa ń ṣòro fún àwọn ọkùnrin jù, ẹ máa ń yára kó ọ̀rọ̀ bo ìdákẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀. "Ọmọdé ni mí nígbà yẹn" ò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ jáde. Tó bá máa jáde, ẹnu bàbá ló ti yẹ kó jáde.

Wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n lè bínú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, jẹ́ kí wọ́n bínú, wọ́n ti fi owó wọn gbé aago rìn lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá sì jẹ́ pé aago náà ò sí nínú ìrántí wọn mọ́, tí wọ́n ń wò ẹ́ bí ẹni tí kò mọ ohun tí ò ń sọ, fi í sílẹ̀, bi wọ́n bí oúnjẹ ṣe rí. Má fipá gbé ohun tó ti sọ̀ lérí wọn padà. Sọ ọ́ fún ìyá rẹ tí ìyá bá wà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o wá béèrè orúkọ aláago náà. Bí o ò bá rí ẹni mọ̀ ọ́n, bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Àtàkúnmọ̀sà, kí o bi àwọn àgbà tó ti pẹ́ nídìí ọjà. Bó bá wà láyé, lọ kí i. Bí kò bá sí, ó ní ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bà á jẹ́, ẹnu bàbá ló ti jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ló dá a sílẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí bàbá fúnra wọn pinnu bóyá wọ́n á bá ẹ lọ. Má fagídí mú wọn. Má gbé owó lọ bí ẹni tó fẹ́ san ìtanràn, yóò dà bí èébú. Tí aago náà bá ṣì wà lórí ògiri tàbí nínú àjà, gbé òun lọ. Sọ fún un pé aago náà nílò ẹni tó mọ iṣẹ́.

Bí bàbá bá sì wá fẹ́ sọ ìtàn náà níbi ayẹyẹ lẹ́yìn gbogbo èyí, ìtàn wọn ni. Gbé maikirofóònù fún wọn.

Kọ̀wé sí mi tí o bá dé. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò ní purọ́: mo fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún bàbá rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé aago náà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.